Àmì Tí Bàbá Fi Iná Jó Sára Ọparun

Nínú gbogbo ohun tí mo kó bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ gíga, ẹnu mi ló mú jù. Èmi nìkan ni obìnrin ní ilé iṣẹ́ àwọn wẹ́dà kan ní Ọ̀wọ̀, níbi tí a ti ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́ fún gààrí. Yíya àwòrán ẹ̀rọ ni wọ́n gbà mí fún. Lọ́dún tí epo bẹntiróòlù di góòlù, ọ̀gá wa ra kọ̀ǹpútà kan láti Èkó, kò sì sí ẹlòmíràn tó mọ bí wọ́n ṣe ń tàn án. Mo wá ń gbéraga bí ẹni pé èmi ni mo bí i.

Kí n tó dé, bàbá àgbà kan ló ń wọn gbogbo ẹ̀rọ. Mùsùlùmí ni, ọmọ àárín ìlú, kò ka ìwé kankan. Ọparun kan ló fi ń ṣiṣẹ́. Bí obìnrin oníbàárà bá dé, bàbá yóò ní kó dúró, kó ká apá rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ lọ ata. Yóò wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé ìgúnpá, yóò sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ọparun náà. Ibẹ̀ ni gíga ẹ̀rọ ti ń wá, kí ẹ̀yìn má baà dun obìnrin náà lẹ́nu iṣẹ́. Láti ara gíga ni yóò ti mọ bí ẹnu ẹ̀rọ, níbi tí wọ́n ń da ẹ̀gẹ́ sí, yóò ṣe fẹ̀ tó. Bí iṣẹ́ bá parí, yóò fi omi nu ṣọ́ọ̀kì kúrò de ẹlòmíràn.

Àmì kan wà lára ọparun náà tí omi ò lè nù, torí irin gbígbóná ló fi jó o. Ìwọ̀n ọ̀fun ẹ̀rọ nìyẹn, àlàfo tóóró tí ẹ̀gẹ́ ń gbà bọ́ sórí rólà eléyín ní ìsàlẹ̀. Ọwọ́ èèyàn ò lè gba ibẹ̀ kọjá. Bàbá a máa sọ pé, "Ọ̀fun kì í bá ẹni ga, ọma mi."

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Èmi ní kí ni mo fẹ́ fi àkísà ṣe? Mo fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan lórúkọ nínú kọ̀ǹpútà, mo sì so wọ́n mọ́ra. Ẹnu ń tẹ̀ lé gíga, ọ̀fun ń tẹ̀ lé ẹnu. Bí mo bá yí nọ́ńbà kan péré padà, gbogbo ara ẹ̀rọ yóò yí padà lójú ẹsẹ̀, láìsí pé mo tún fa ìlà kankan. Ọ̀gá máa ń pe àlejò wọlé wá wò ó. Ó dùn mọ́ mi débi pé n kò ronú pé ó yẹ kí n tú ọ̀fun sílẹ̀ kúrò lára àwọn tó kù.

Ẹ̀rọ kejì tí mo yà, ti ìyá mi ni. Ìyá mi ń dáko ẹ̀gẹ́ ní Ute, wọ́n sì ga ju ọ̀pọ̀ ọkùnrin lọ. Mo tẹ gíga ìgúnpá wọn sínú kọ̀ǹpútà. Mo tún fẹ ẹnu ẹ̀rọ náà dáadáa, kó lè gba odindi agbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn ará ilé wa lè mọ̀ pé mo ti dé ibi gíga.

Nígbà tí wọ́n jó irin rẹ̀ pọ̀ tán, bàbá gbé ọparun wá, ó fi í wọn ọ̀fun. Àlàfo náà ju àmì iná lọ.

"Ọma mi, ọ̀fun yìí ti gba ọghọ́," bàbá wí, ó na ọwọ́ tirẹ̀ hàn mí.

"Bàbá, ẹ lọ fi ọparun yín ká ìbẹ́pẹ," mo dáhùn. "Ẹni tí kò mọ A yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ àga, kí ló fẹ́ kọ́ mi?"

Gbogbo àwọn wẹ́dà rẹ́rìn-ín, ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. Bàbá nu ọparun rẹ̀, ó lọ jókòó. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ náà.

Oṣù kan ò tíì pé tí ẹ̀rọ náà fi jẹ ọwọ́ ọ̀tún ìyá mi. Ẹ̀gẹ́ há, wọ́n fi ọwọ́ tì í. Ní ọsibítù Ifọ̀n, àtàǹpàkò nìkan ni dókítà rí fi sílẹ̀. Ọ̀gá ní àwọn obìnrin oko ò gbọ́ràn, pé ta ló ní kí wọ́n má fi igi tì í. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọma mi, má bínú. Mo ti ba orúkọ uṣẹ́ rẹ jẹ́."

"Ṣebí mo ti sọ fún yín pé kí ẹ máa fi igi tì í," mo wí. N kò sọ ọ́ rí. Irọ́ ni mo pa mọ́ ẹni tí mo gé lọ́wọ́.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo tú ọ̀fun kúrò lára ẹnu, mo sì tẹ ìwọ̀n àmì iná sí i. Èèyàn ò lè bó ẹ̀pà kan tán kí n tó ṣe é. Bàbá dúró lẹ́yìn mi. "Ọghọ́ ọ̀tún ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Ní gbogbo ìgbà tí mo bá lọ sí Ute, ìyá mi á bu oúnjẹ fún mi. Wọ́n á fi ọwọ́ òsì gbé e, ojú á tì wọ́n díẹ̀, wọ́n á ní, "Má bínú o, ọghọ́ òsì ni." Èmi á ní kò burú, màá sì gba àwo náà.