Fíríìjì Tó Ń Gbá Ògiri Alhaja

Ọdún tí mo bí àkọ́bí mi ni bàbá rẹ̀ ra fíríìjì, tuntun nínú páálí, kí n lè máa ta omi tútù àti yìnyín lẹ́nu ọ̀nà. Òun ń ṣiṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìlemọ̀nà. Èmi, látìgbà tí mo ti jáde ìwé mẹ́wàá, òwò yẹn nìkan ni mo ní.

Kò pẹ́ tí ohun náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Kì í ṣe ìkùn pẹ̀lẹ́ tí fíríìjì ń kùn o. Á kùn bí ẹ̀rọ ìlọta, á gbọ̀n gìrìgìrì, á sọ gbàmù bí ẹni ta ilẹ̀kùn nípàá, á tún bẹ̀rẹ̀. Omi inú rẹ̀ kàn ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni.

Ìyá ọkọ mi, Alhaja, ló ni ilé tí à ń gbé ní Ọ̀fà, ògiri kan ló sì wà láàárín pálọ̀ tí fíríìjì wà àti yàrá wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n jáde sí mi tàwọn ti tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

"Ìyàwó, mo forí kanlẹ̀, nǹkan yín sọ gbàmù, mo gbàgbé ibi tí mo kírun dé. Bí kò bá dákẹ́ títí Jímọ̀, yóò jáde nílé mi. Ẹ gbé e fún àbúrò ọkọ rẹ ní Ìlọrin. Etí tiẹ̀ le."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, a ó tún un ṣe."

Kí ni n ó wá máa tà?

Ọkọ mi tún un ṣe lọ́nà tirẹ̀: ó gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dákẹ́. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ ńlá, ó gbé báàgì, ó lọ síbi iṣẹ́. Kò tíì kọjá ẹnu ọ̀nà tí ariwo tún sọ. Mo pe oníṣẹ́ fíríìjì. Kò wo ẹ̀yìn, kò wo ìdí. Ó dúró níwájú, ó dẹtí, ó mi orí.

"Gáàsì ló tán, Mummy."

"Gáàsì fíríìjì tuntun? Ta ló lò ó? Àbí èmi ni mo mu ún?"

Ó ní òun ń lọ mú gáàsì wá. A ò rí i mọ́.

Nígbà tó ku ọ̀la kó di Jímọ̀, Alhaja wẹ ọmọ fún mi kí wọ́n tó lọ sí àsàlátù. Nínú ooru Ọ̀fà, wọ́n wọ súwẹ́tà fún un, wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ àti fìlà fún un, wọ́n tún fi ṣọ́ọ̀lù dì í. Òtútù ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ọmọ ń ké, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo bọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dákẹ́ fẹ́ẹ́, ó ń wò mí. Mo gbé e léjìká, mo fẹ́yìn ti fíríìjì, mo sì fò sókè: ara fíríìjì gbóná bí áyọ́ọ̀nù!

Ọ̀rá ni. Alhaja kò jẹ́ kí a yọ ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ilé ìtajà. Àṣà ilé wa nìyẹn: àga pálọ̀ náà wà nínú ọ̀rá, tí ń lẹ̀ mọ́ni nítan. Wọ́n tún ki páálí sẹ́yìn rẹ̀, kí irin má baà ha ọ̀dà ògiri. Ẹ̀yìn yẹn ló sì yẹ kó máa gbà tú ooru jáde! Kò rí ibi mí, kò lè sinmi. Bó bá sì gbọ̀n, ẹ̀yìn rẹ̀ tó há mọ́ páálí á gbá ògiri Alhaja gan-an.

Mo tẹ́ ọmọ sórí ẹní, mo pa fíríìjì, mo fà á síwájú, mo mú bíléèdì. Ọ̀rá ẹ̀yìn ti yọ́ mọ́ irin. Mo ha á títí èékánná fi ń ro mí. Nígbà tí mo tàn án padà, ó kùn jẹ́ẹ́jẹ́, nígbà tó yá, ó sinmi.

Alhaja dé, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń dẹtí sí ariwo fíríìjì. "Wọ́n ti gbé e lọ ni?"

"Ó wà níbẹ̀, mà."

"Yéè! O bọ́ ọ síhòòhò! Bí àlejò bá dé ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn ló fi ń mí, mà. Wọ́n dì í pa ni."

"Ta ló dì í?"

Mo ń kó ọ̀rá tó wà nílẹ̀ jọ. Wọ́n wo ọmọ tó ń ta ẹsẹ̀ lórí ẹní. "O tún bọ́ ọmọ mi síhòòhò!"

Lẹ́yìn ìrun alẹ́, wọ́n ní kí n bu omi wá. Wọ́n mu ún, ó tutù débi pé eyín kan wọ́n.

Láàárọ̀ Jímọ̀, mo bọ́ sí pálọ̀: fíríìjì ti tún wọ ọ̀rá! Mo sún mọ́ ọn. Iwájú nìkan ni, wọ́n fi òwú so ó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo.

"Iwájú ni àlejò ń wò," ni Alhaja sọ láti yàrá. "Ẹ̀yìn, kó máa mí."

Wọ́n wẹ ọmọ tán, wọ́n gbé e fún mi. Fìlà nìkan ló wọ̀.