Ẹ̀rọ Dádì fẹ́ lé Màmá padà sí Ìbàdàn

Èmi Injiníà, olórí ilé, mo kí gbogbo yín láti Norcross ní Amẹ́ríkà.

Mo lẹ sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru mọ́ ògiri yàrá kọ̀ọ̀kan. Kí bátìrì má bàa tètè kú, èyí tí ibi tó wà bá gbóná jù nìkan ló ń bá AC gbogbo ilé sọ̀rọ̀ pé kó fẹ́ atẹ́gùn tútù. Ìyókù ń sùn.

Lónìí, òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá mi.

Mo ní, “Màmá, ẹ̀rọ yìí kì í ṣàṣìṣe.”

Wọ́n ní, “Ṣé ẹ̀rọ ló bí ẹ ni? Dá mi padà sí Ìbàdàn!”

Wọ́n ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, Tóbi ni o, kì í ṣe Dádì. Fóònù wọn ni mo jí. Èmi ni mo yọ sẹ́ńsọ̀ kan lára ògiri, tí mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ẹ̀wà tó ń hó.

Ṣé kí n jẹ́wọ́ ni, àbí kí n bá Màmá, ìyá wọn, di ẹrù?