Dísìkì Tí Mo Kọ̀ Láti Sọ Sí Ààtàn

Olórí kunkun ni mí. Ìyá mi sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀gá mi ní Johannesburg sọ bẹ́ẹ̀, èmi náà sì gbà. Nítorí náà, bí mo ṣe fẹ́ ròyìn yìí, ẹ má bá mi bú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ kò ṣe nǹkan kan.

Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Marshalltown, láàárín ìgboro Johannesburg, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọdún bíi méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn 1990. Èmi ni mò ń fi kọ̀ǹpútà to káàdì ìgbéyàwó àti ìwé ètò ìsìnkú fún àwọn oníbàárà. Ọ̀gá mi jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ Íńdíà tí wọ́n bí sí ìlú náà, tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Tí aago márùn-ún bá lù, màá fẹsẹ̀ rìn lọ sí Hillbrow níbi tí mò ń gbé, màá gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹjọ nítorí pé lífítì kì í ṣiṣẹ́, màá ṣílẹ̀kùn, kò sì ní sí ẹni tó máa kí mi káàbọ̀. Nílé wa ní Ìwó, bí o bá wọlé lẹ́ẹ̀mẹwàá, wọ́n á kí ọ lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ní Hillbrow, mo lè wà láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé kí n má gbọ́ Yorùbá kankan, àfi èyí tí mo bá fi bá ìkòkò ọbẹ̀ mi jà. Ó dùn mí gan-an.

Kásẹ́ẹ̀tì ló ń gbé mi ró. Ìyá mi kò kàwé, fóònù kò sì sí nílé, nítorí náà ohùn la fi ń ránṣẹ́ síra wa. Á sọ tirẹ̀ sínú rídíò oníkásẹ́ẹ̀tì, àbúrò mi á fi rán àwọn oníṣòwò tó ń bọ̀ láti Èkó, èmi á sì lọ gbà á lọ́wọ́ wọn ní ọgbà Joubert Park. Lẹ́yìn tí mo bá ti gbọ́ ọ dáadáa, màá gba ohùn tèmi sílẹ̀ lórí tirẹ̀, màá dá kásẹ́ẹ̀tì padà. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ohun kan ṣáá ni pé èyí tó ń dé kì í jọ èyí tí mo rán lọ. Mo gbà pé àwọn oníṣòwò yẹn ló ń pààrọ̀ rẹ̀ lọ́nà, mo sì máa ń bú wọn dáadáa.

Kí n tó gba ohùn mi lé tirẹ̀, màá kọ́kọ́ tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́ lákòókò oúnjẹ ọ̀sán, láti orí "Àsàlámù àlékùn, ọmọ mi," títí dé "Ṣé ò ń jẹun?" tó fi máa ń parí. Ó sọ bí òjò ṣe ká a mọ́ inú ọkọ̀ akẹ́rù lọ́jọ́ tó fẹ́ bí mi. Ó sọ bí bàbá mi ṣe gun kẹ̀kẹ́ tí kò ní bíréèkì wá tọrọ rẹ̀, tó sì lọ kọ lu ilé adìẹ àna rẹ̀. Ìgbà tí mo wà nítòsí rẹ̀, mi ò béèrè nǹkan wọ̀nyí rí.

Inú dísìkì àtijọ́ kan tí ọ̀gá fún mi ni gbogbo rẹ̀ wà. Àpótí onírin tí a ń tọ́jú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sí ni, ó tó odindi búrẹ́dì, wáyà kan tó nípọn la sì fi ń so ó mọ́ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà. Mo máa ń yọ ọ́ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, màá gbé e lọ sílé nínú báàgì, màá sì fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí mi. Ẹ rẹ́rìn-ín, mi ò bínú.

Yíyọ rẹ̀ ni wàhálà. Tí dísìkì bá wà lára kọ̀ǹpútà, àwòrán rẹ̀ á hàn lójú ẹ̀rọ, orúkọ tí o sọ ọ́ á sì wà lábẹ́ rẹ̀. "Ìyá mi" ni mo sọ tèmi. Ọ̀gá ní kí n tó fọwọ́ kan wáyà, mo gbọ́dọ̀ fa àwòrán yẹn lọ sínú àwòrán garawa ìdọ̀tí kan tó wà nísàlẹ̀. Ó ní kò ní pa nǹkan kan rẹ́. Ńṣe ni kọ̀ǹpútà á parí ohun tó ń kọ lọ́wọ́, á wá jọ̀wọ́ dísìkì náà.

Garawa ìdọ̀tí kẹ̀? Kí n fọwọ́ ara mi wọ́ ìyá mi lọ sí ààtàn, ìyá mi tó wà láàyè? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Mo ní kí ọ̀gá má bínú, mi ò lè ṣe é. Ohun tí mo wá ń ṣe ni pé màá pa kọ̀ǹpútà pátápátá, torí bó bá ti pa, ó ti jọ̀wọ́ dísìkì fúnra rẹ̀ nìyẹn. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ìyọnu.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọ̀gá sáré wọlé, ó ní àwọn tó ń ṣe ìwọ́de ti ń bọ̀ láàárín ìgboro, kí oníkálukú máa lọ sílé kí wọ́n tó dí ọ̀nà. Ìwé ìsìnkú oníbàárà kan ṣì ń jáde lọ́wọ́, a ò lè pa kọ̀ǹpútà.

"Fà á sínú garawa, yọ ọ́, ká máa lọ!" ni ọ̀gá ń pariwo láti ẹnu ọ̀nà.

Mo fa àwòrán náà dé ẹnu garawa lóòótọ́. Mo rí "Ìyá mi" lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ mi kọ̀. Mo bá na ọwọ́ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà, mo fa wáyà yọ bẹ́ẹ̀.

Dísìkì náà dún ká, ká, ká, ó dákẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà sì dúró gbagidi.

Nígbà tí a so ó padà lọ́jọ́ kejì, kọ̀ǹpútà ní òun ò lè kà á, ó ní ṣé kí òun pa ohun inú rẹ̀ rẹ́ kó di tuntun. Ọ̀gá gbìyànjú títí di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó sú u, ó bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Kí ló dé tí o ò kàn yí orúkọ rẹ̀ padà?"

Yéè! Oṣù mẹ́sàn-án, kò wá sí mi lọ́kàn rí. Mo jáde, mo dúró níbi iná tó ń darí ọkọ̀ lójú pópó, èyí tí wọ́n ń pè ní róbọ́ọ̀tì níbẹ̀, mò ń sunkún bí ọmọdé, àwọn èèyàn ń gbún mi kọjá, kò sì sẹ́ni tó béèrè pé kí ló ṣe mí.

Kò sí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kankan lọ́wọ́ mi, mo ti dá ti ìkẹyìn padà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Mo ra kásẹ́ẹ̀tì òfìfo kan, mo bẹ ìyá mi sínú rẹ̀ pé gbogbo ohun tó ti sọ fún mi ti ṣègbé, kó jọ̀ọ́, kó tún un sọ.

Oṣù kan ààbọ̀ kọjá kí èsì tó dé. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ìwọ àti orí kunkun rẹ. Ta ló fẹ́ rántí gbogbo ìyẹn? Ohun tó bá ti wá sí mi lẹ́nu ni mò ń sọ. Má sunkún mọ́. Ohùn tìrẹ ò sọnù, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú àpótí mi. Àbúrò rẹ ní ká máa gba ohùn lé wọn, mo ní kò sẹ́ni tó máa pa ohùn ọmọ mi rẹ́ lójú mi. Tuntun la máa ń rà. Bí ilé bá ti dá jù, mo máa ń ní kí àbúrò rẹ gbé ọ̀kan sínú rídíò fún mi."

Mo pa rídíò. Mo ro àwọn oníṣòwò tí mo ti bú. Mo wá ro àpótí tó wà ní Ìwó, tó kún fún kásẹ́ẹ̀tì tí ohùn ìyá mi wà nínú wọn tẹ́lẹ̀, tí mo fi ohùn tèmi pa á rẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí mo sì dá wọn padà fún un.

Mo tún rídíò tàn, mo gbọ́ ọ dópin.

"Ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, Màmá," ni mo wí sínú yàrá. Mi ò gba ìyẹn sílẹ̀. Mo yọ kásẹ́ẹ̀tì náà, mo fi í pa mọ́, mo wá sọ̀ kalẹ̀ lọ ra òfìfo mìíràn tí màá fi dá a lóhùn.