Ẹyin Pẹ́pẹ́yẹ Inú Àbàtà

Ẹ̀yìn ilé wa ní Ugbolokposo, àbàtà ni. Tọkọtaya pẹ́pẹ́yẹ kékeré kan ń gbé ibẹ̀. Kì í ṣe pẹ́pẹ́yẹ ilé tó ń jà du èérún oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà o! Eléyìí á rì sínú omi, á jẹ èso òṣíbàtà nísàlẹ̀, á wá yọrí níbi tí o kò fọkàn sí. Ẹ̀yìn pátá, lẹ́bàá ìdí, ni ẹsẹ̀ wọn wà, wọn kò lè rìn dáadáa nílẹ̀. Àárín òṣíbàtà ni wọ́n kọ́ ìtẹ́ sí, takọtabo ń pààrọ̀ ara wọn láti sàba. Àràárọ̀ ni mo máa ń kí wọn, àwọn ọmọ mi a sì máa fi mí ṣẹ̀sín: "Mummy, na duck you dey greet so?"

Nígbà tí tipà bẹ̀rẹ̀ sí í da yanrìn sínú àbàtà, àyà mi já. Mo bẹ dírẹ́bà títí kó má dà á síbi ìtẹ́ náà. Ó ní, "Madam, tomorrow we go reach that side." Ọ̀la kẹ̀! Mo ká aṣọ sókè, mo wọ omi tó mù mí dé ìbàdí, mo kó ẹyin márààrún inú ìtẹ́ náà, mo kì wọ́n sábẹ́ adìyẹ mi tó ń sàba. Bí ìyá mi ṣe máa ń ṣe ẹyin pẹ́pẹ́yẹ nílé nìyẹn, gbogbo wọn ló sì ń di ọmọ.

Ilẹ̀ mọ́, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti ta màrìwò dí ọ̀nà: ẹni tó ra ilẹ̀ àbàtà náà kò tíì fún wọn lówó tiwọn, tipà kankan kò gbọdọ̀ kọjá. Ó lé lóṣù kan tí yanrìn kò tún bọ́ síbẹ̀. Áà! Kí ló dé tí n kò ní sùúrù ọjọ́ kan péré? Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dí ọ̀nà yẹn gan-an ni mo ti sáré lọ wo ìtẹ́, àwọn òbí ti lọ. Ta ni kí n dá ẹyin padà fún?

Mẹ́ta ló di ọmọ. Ìyá adìyẹ ń tanlẹ̀, ó ń pè wọ́n, wọn ò tilẹ̀ wò ó. Ọmọ tó yẹ kó rì sómi kó tó jẹun, ṣé òun ló máa ṣa ọkà nílẹ̀? Mo bu omi sínú bàsíà. Wọ́n rì, wọ́n jáde, ìyẹ́ wọn rin gbingbin, nítorí kò sí ìyá pẹ́pẹ́yẹ tí òróró ìyẹ́ rẹ̀ máa ràn wọ́n lára, wọ́n ń gbọ̀n. Méjì kú lọ́jọ́ kejì. Mo sunkún bí ọmọdé.

Mo gbé ìkẹta lọ sí àbàtà, bóyá pẹ́pẹ́yẹ mìíràn á gbọ́ ohùn rẹ̀. Olúwa, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan dáhùn! Ó rì, ó yọ, ó ké títí. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ló bá yíjú, ó wẹ̀ padà sọ́dọ̀ mi. Mo tì í lọ, ó tún padà. Mo jágbe mọ́ ọn: "Lọ jọ̀ọ́! Èmi kọ́ ni ìyá ẹ!" Ó gun orí ẹsẹ̀ mi, ó jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ̀n.

Inú àtẹ́lẹwọ́ mi ló kú sí, kí n tó délé. Tipà kọ́ ló pa wọ́n. Èmi ni.