Òkúta Tó Sùn nínú Fíríísà Ẹlẹ́ja Lọ sí Kánádà

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ fi ohun pàtàkì kan tó gbogbo ayé létí: Bàbá Olúsànmí ti Òdòdè Ìdànrè, tó ń tẹ́ òkúta síwájú ilé onílé, kì í fẹsẹ̀ tẹ òkúta kankan láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó fi ìka kàn án kó-kó-kó, bí ẹni kan ilẹ̀kùn. Bí ó bá dún dáadáa, á tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá dún dáadáa, á yà fún un. Ní ìlú tí òkúta pọ̀ ju ilẹ̀ lọ, ẹ wo bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ṣe pẹ́ tó kó tó dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ́yẹlé ìyàwó rẹ̀ á ti kọrin, á ti gbàdúrà, á ti gbọ́ ìwàásù dé ìdajì, kí ọkọ rẹ̀ tó kan òkúta tó kẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà.

Àṣà ẹbí wọn tún wà lórí èyí. Baba ló ń tẹ́ òkúta àkọ́tẹ̀ síwájú ilé ọmọ rẹ̀ obìnrin, òkúta Ìdànrè ni yóò sì jẹ́. Bí baba kò bá tíì tẹ́ ẹ, baba kò gbọdọ̀ wọ ilé náà. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ó bá wọ̀ ọ́, nítorí kò sẹ́ni tó dán an wò rí. Àlàdé tó wà nítòsí ni gbogbo ọmọbìnrin wọn ń lọ́kọ sí, èèyàn lè gbé òkúta lé orí débẹ̀ kó sì padà wá jẹun ọ̀sán.

Àfi Jemima, ọmọ Bàbá Olúsànmí, tó lọ ra ilé sí Kánádà.

Jemima ti bímọ níbẹ̀. Ọmọ náà, Ayọ̀mípọ̀sí, ti ń hu eyín, ìyá àgbà rẹ̀ kò sì tíì rí i àfi lójú fóònù. Físà ti jáde fún tọkọtaya, Ọmọ́yẹlé ti di ẹrù. Ṣùgbọ́n Bàbá ní òun kò ní lọ dúró síta ilé ọmọ òun bí ẹni tó wá gba owó iná. Òkúta ni kó kọ́kọ́ débẹ̀.

Wọ́n pe Jemima lórí fóònù. Ó yí fóònù náà sí iwájú ilé. Àwọn òkúta pẹlẹbẹ tí onílé àtijọ́ tẹ́ síbẹ̀ ti gbéra nílẹ̀. Ọ̀kan dẹ̀gbẹ́, ọ̀kan ń wo ojú ọ̀run.

"Ta ló tẹ́ eléyìí?" ni Bàbá bèèrè. "Ṣé òjò ń lé e ni?"

Olúwayọmí, ọkọ Jemima, ló dáhùn. "Ẹ má bínú, Bàbá. Òtútù ni. Omi máa ń wọ abẹ́ wọn, á di yìnyín, yìnyín á wú, á gbé òkúta dìde. Bó bá yọ́ tán, òkúta kì í lè padà sùn síbi tó wà mọ́."

"Òkúta ibẹ̀ nìyẹn. Òkúta tiwa kì í dìde fún ẹnikẹ́ni."

"Kì í ṣe òkúta gan-an, Bàbá. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni..."

"Olúwayọmí, ọmọ Àkúrẹ́! Òkúta mélòó lẹ ní ní Àkúrẹ́ tó o fi ń kọ́ mi ní òkúta?"

Ọmọ́yẹlé já fóònù gbà. "Bàbá Ayọ̀mípọ̀sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a lóhùn."

"Kò burú, Màmá," ni Olúwayọmí wí. "Kí Bàbá dán an wò níbẹ̀. Bí ó bá dì, tó yọ́, tó tún dì, tó tún yọ́, tí kò sì mira, kí wọ́n gbé e máa bọ̀. Èmi fúnra mi ni n ó gbẹ́ ilẹ̀."

Wàyí o, òtútù kì í ṣe ohun tí à ń rí he ní Ìdànrè. Ọyẹ́ tiwa, bó ti wù kó le tó, ètè nìkan ló ń là. Ibì kan ṣoṣo tí Kánádà wà nílùú náà ni inú fíríísà Ọmọ́yẹlé, níbi tí títọ́ọ̀sì àti pańlá tó ń tà gbé ń sùn. Bàbá gbé bàsíà kan, ó rọ erùpẹ̀ pupa sí i gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe níwájú ilé gbogbo ènìyàn, ó fi sìmẹ́ńtì lé e, ó gbé òkúta pẹlẹbẹ kan lé sìmẹ́ńtì. Nígbà tó gbẹ, ó bomi rin ín, ó kàn án kó-kó-kó, ó sì tẹ́ ẹ sáàárín ẹja.

Kí nǹkan dì kò ṣòro. Kí ó yọ́, ìyẹn náà kò ṣòro, a dúpẹ́ lọ́wọ́ iná mànàmáná. Bí iná bá dé, òtútù dé. Bí iná bá lọ, ẹ̀ẹ̀rùn dé. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, òkúta náà ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Kánádà. Bàbá nìkan ló ń pàtẹ́wọ́ ní àdúgbò nígbà tí gbogbo ilé bá ṣú. "Ó ti lọ o! Ẹ ṣeun o!" Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí ẹni tó mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà.

Mùjídàt, oníbàárà Ọmọ́yẹlé, wá ra ẹja. Ó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

"Ìyá Jemima, títọ́ọ̀sì yín yìí ti rọ̀."

"Ó ń sinmi ni."

"Òkúta wo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yìí?"

"Ti Bàbá Jemima ni. Ó ń lọ sí Kánádà."

"Òkúta?"

"Òkúta."

Mùjídàt gbé ẹja náà padà síbi tó wà. "Èmi tí mo kàwé, wọn ò fún mi ní físà."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá ṣí fíríísà. Sìmẹ́ńtì ti là. Erùpẹ̀ pupa ti wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi. Òkúta fúnra rẹ̀ kò ní àléébù kankan, ṣùgbọ́n ó ti gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè, ó fẹ̀yìn ti pańlá bí ẹni tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí ọkùnrin yìí ti ń kan òkúta, èyí ni àkọ́kọ́ tó dìde wá dá a lóhùn.

"Ó dìde, àbí kò dìde?" Ọmọ́yẹlé ti wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó yí ẹ̀gbẹ́ ni."

"Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọmọ yẹn ń sọ tẹ́ ẹ fi ń bú Àkúrẹ́."

"Mo mọ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òun náà mọ̀ ọ́n dáadáa ni."

"Ẹ gbọ́, Bàbá Jemima. Ọmọ-ọmọ mi wà níwájú, ẹja mi ń bàjẹ́ lẹ́yìn. Bí ọjọ́ ọjà bá dé tí òkúta yìí kò tíì yege, èmi á lọ, ẹ̀yin á dúró ti fíríísà."

Bàbá da erùpẹ̀ náà nù. Ó lu ìdí bàsíà ní ihò kí omi lè máa jáde, ó kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i, ó fi yanrìn etídò lé e, ó gún un mọ́lẹ̀ dáadáa. Kò fi sìmẹ́ńtì kankan sí i. Ó mú kí òkúta tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, kí omi má baà rí ibi jókòó. Ó bomi rin ín, ó tì í padà sínú fíríísà, ó sì ń dúró kí iná lọ.

Iná kò lọ.

Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ilẹ̀ ṣú, iná wà. Ilẹ̀ mọ́, iná wà. Àwọn èèyàn ń lọ aṣọ tí wọn kò ní í wọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ìdúpẹ́. Bàbá nìkan ló gbààwẹ̀, ó wọ aṣọ funfun, ó kúnlẹ̀ níwájú wòlíì.

"Kí ni ẹ̀bẹ̀ yín, Bàbá?"

"Kí Olúwa bá mi mú iná lọ díẹ̀."

Wòlíì wò ó títí. Ó ní ẹ̀mí kò tíì sọ nǹkan kan.

Ọmọ́yẹlé ló yanjú rẹ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ọjọ́ ọjà dé, ó kó gbogbo ẹja jáde, ó yan wọ́n lórí ààrò, ó padà wọlé, ó sì fa wáyà fíríísà yọ lára ògiri. "Ó ti lọ o," ló wí. Nígbà tí omi ń kán tó-tó, ó ti wáyà náà bọ ògiri padà. Bẹ́ẹ̀ ló ń yọ ọ́, tó tún ń tì í padà, títí ọjọ́ ọjà fi dé. Wọ́n ṣí i. Òkúta sùn síbi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, bí olórí ẹbí.

Ẹja yíyan ló yẹ kó wọ báàgì Ọmọ́yẹlé, ṣùgbọ́n òkúta gba ààyè rẹ̀. Mùjídàt jogún ẹja. Ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, òṣìṣẹ́ kan ní kí wọ́n ṣí báàgì náà.

"Màmá, kí nìyí?"

"Òkúta."

"Ṣé kò sí òkúta níbi tẹ́ ẹ ń lọ ni?"

"Ó wà. Ó máa ń dìde."

Òṣìṣẹ́ náà ní kí wọ́n máa lọ.

Olúwayọmí mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Ó gbẹ́ ilẹ̀ títí ìbàdí fi ń dùn ún, àna rẹ̀ dúró síta nínú kóòtù tó gùn dé kókósẹ̀, ó ń ní kó tún gbẹ́ sí i, ó sì ń ṣàlàyé fún un, bí ẹni pé òun ló ṣàwárí rẹ̀, pé ohun tó wà lábẹ́ òkúta ni pàtàkì. Wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ síbẹ̀, wọ́n da yanrìn, wọ́n gbé òkúta Ìdànrè lé e. Bàbá kàn án, ó tẹ̀ ẹ́, ó wọlé. Ọmọ́yẹlé ti wọlé tipẹ́ ní tirẹ̀, Ayọ̀mípọ̀sí ti wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi, gbogbo ilé múra ṣọ́ọ̀ṣì. Jemima ṣílẹ̀kùn. Yìnyín ti bọ́ láti òru, ó ti bo ohun gbogbo, ó ga dé orúnkún. Àwọn tó kù fi bàtà là á kọjá lọ sínú mọ́tò. Bàbá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀, ó na ìka kan síwájú, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

"Bàbá Jemima, ìsìn ti bẹ̀rẹ̀!" Ọmọ́yẹlé pè é láti inú mọ́tò.

Kò mira. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n, ẹ bá wa dá sí i: bí yìnyín bá bo òkúta mọ́lẹ̀, èwo ló yẹ kí èèyàn kàn kó tó kọjá, òkúta tí kò lè gbọ́ ni, àbí yìnyín tí kò lè dún?