Ìdábùú Irin Tó Kọ̀ Tí Kò Wọlé ní Mowe

Ẹ̀yin ará ilé mi ní Ìfọ̀, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ọjọ́ tí mo lọ sí Mowe. Nígbà náà, títì ńlá tó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn ṣì jẹ́ tuntun, ọ̀dà ojú rẹ̀ ṣì ń dán. Àkùkọ kò tíì kọ tí mo fi jáde nílé pẹ̀lú sípánà mi àti okùn tí a so òjé mọ́ nídìí, èyí tí a fi ń mọ òpó tó dúró ṣánṣán.

Súlè, àbúrò mi, ló ránṣẹ́ sí mi. Iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe: àwa la máa ń gbé òpó àti ìdábùú irin ró fún ilé ìkẹ́rùsí. Alhájà tó gbé iṣẹ́ fún un ní ìdábùú kan kò dé ojú òpó, ó fi ìka méjì kù. Ó ní Súlè ti ta irin òun, ó fi kúkúrú pààrọ̀ rẹ̀, àti pé bí ilẹ̀ bá ṣú tí irin kò wọlé, ọlọ́pàá ni yóò bá a sọ ìyókù.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin. A kọjá Àgbàdo, ilẹ̀ sì mọ́ kí a tó dé Agége. Mo gba ibẹ̀ dé Ọjọ́ta, mo wọ bọ̀lẹ̀kájà kan tó ń lọ sí apá Mowe. Awakọ̀ náà ń sáré bí ẹni tí ejò lé.

"Dẹ́rẹ́bà, rọra o."

"Bàbá, títì yìí kò ní kòtò. Kí ni mo fẹ́ rọra fún?"

"Kì í ṣe kòtò ni mo ń bẹ̀rù. Ìwọ ni."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín.

Ní Ìbafo, a dúró jẹun. Àwa ará Ìfọ̀ mọ làfún, ṣùgbọ́n fùfú ni tiwọn níbẹ̀, pẹ̀lú ẹja àbàtà. Fùfú kọ́bọ̀ márùn-ún, ẹja kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Mo jẹ ẹ́, kò burú.

Nígbà tí mo dé Mowe, Alhájà jókòó sábẹ́ igi, wẹ́dà kan sì ti tan iná tí yóò fi jó irin mọ́ irin kí ìdábùú lè gùn sí i.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n olè?"

"Èmi lẹ̀gbọ́n Súlè, Alhájà. Ẹ kú ìnáwó ilé."

Mo wọn ìdábùú nílẹ̀: ó pé. Mo wọn àárín ìdí òpó méjèèjì: ó pé. Mo gun òkè, mo wọn àárín orí wọn: ó fi ìka méjì fẹ̀ ju tìsàlẹ̀ lọ. Irin kò kúrú. Òpó ló fà sẹ́yìn. Mo fọwọ́ kan àwọn bóòtì tó de òpó mọ́lẹ̀, wọ́n le gan-an. Ó yà mí lẹ́nu. A kì í fún bóòtì pa títí gbogbo irin yóò fi wọlé tán; ọwọ́ lásán la fi ń wé e, kí irin lè ráyè mira.

Mo fa Súlè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ta ló fún èyí pa?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n. Alhájà mú àlejò wá ní Ọjọ́bọ̀. Alhájà fọwọ́ mi òpó, òpó mì. Ó ní ṣé ilé ewéko lòun ní kí n kọ́ ni, kí n fún gbogbo rẹ̀ pa lójú òun."

"O ò ṣàlàyé fún un?"

"Ṣé kí n máa já Alhájà nírọ́ lójú àlejò ni?"

"Ẹ̀wọ̀n lo wá fẹ́ fi bọ̀wọ̀ fún un?"

Mo padà sábẹ́ igi. "Alhájà, bí ẹ bá ń wé gèlè, ṣé ẹ máa ń fi pín-ìnnì gún un kí ẹ tó wé e tán?"

"Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ohun tí ẹ ní kí Súlè ṣe sí bóòtì ní Ọjọ́bọ̀ nìyẹn."

Wẹ́dà pa iná rẹ̀.

"Súlè, kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀?" ni Alhájà bi í.

Súlè dọ̀bálẹ̀.

"Kí irin kọ́kọ́ wọlé ná," ni Alhájà wí.

A tú gbogbo bóòtì, a fi okùn fa òpó títí òjé fi dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A fa ìdábùú sókè. Ó wọlé bí ọwọ́ ṣe ń wọ apá agbádá, ìka mi ni mo fi ti bóòtì sí i. Ìgbà yìí la wá fún un pa.

Alhájà dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Wẹ́dà, máa lọ sílé. Súlè, aago méje lọ́la. Bí mo bá tún mú àlejò wá, lé wa."

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo dé Ìfọ̀. Ìyàwó mi béèrè ohun tí mo rí kọ́ lájò. Mo ní ọ̀wọ̀ dára, ṣùgbọ́n irin kò mọ àgbà. Kí ẹni tó ń gbé irin ró dọ̀bálẹ̀ dáadáa, kó sì ti orí ìdọ̀bálẹ̀ náà sọ òótọ́.