Òdòdó Orí Ibojì Bàbá Àgbà

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa tó dá mi sí di òní, tó jẹ́ kí n mọ ìyá tó bí bàbá mi, tó sì jẹ́ kí n gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ fún gbogbo ọdún tí ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kò rí irú rẹ̀. Mo rí i, mo sì mọ̀ pé àánú ni.

Mo ṣì ń rí i bó ṣe máa ń tẹ̀ ba níwájú ilé wa ní Òmù-Àrán láàárọ̀ kùtù, ìró aṣọ rẹ̀ ká sókè dé orókùn, bùtà dúdú kan lọ́wọ́ rẹ̀. Omi á máa ro tó, tó, tó sí ìdí igi láàlì. Èéfín igi ìdáná á máa bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, á dàpọ̀ mọ́ òórùn erùpẹ̀ tútù. Orin ìsìn ló máa ń kọ lábẹ́lẹ̀, àmọ́ orin náà kì í parí, nítorí ó máa ń dá a dúró láti kí àwọn òdòdó rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ìwọ, kí ló ṣe ọ́ tí o sorí kọ́ báyìí? Ta ló bá ọ jà lóru?"

Yèyé ni gbogbo wa ń pè é. Olùkọ́ ni àwọn òbí mi, ibi tí ìjọba bá gbé wọn lọ ni wọ́n ń lọ, èmi sì dúró ti Yèyé. Iwájú ilé rẹ̀ kò fẹ̀ ju yàrá méjì lọ, ṣùgbọ́n kò sí àyè tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀ níbẹ̀ láìkọ́kọ́ wolẹ̀. Ìdò pupa àti ìdò aláwọ̀ ọsàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò ibi tí omi ìwẹ̀ ń gbà jáde. Tannápoṣó wà lábẹ́ fèrèsé, òun kì í là títí oòrùn á fi rọlẹ̀. Igi láàlì wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí ó bá tanná ní ìrọ̀lẹ́, ẹni tó ń kọjá lójú títì á dúró, á gbé imú sókè, á máa wo ibi tí òórùn dídùn náà ti ń bọ̀.

Ìyàwó alfa kan ni ògiri wọn fara kan tiwa. Ojoojúmọ́ ni òun àti Yèyé ń fi ọ̀rọ̀ gún ara wọn.

"Yèyé olódòdó! Ẹ tún ti ń fún àwọn ọmọ yín lọ́mú?"

"Wọ́n ti mu, wọ́n ti yó. Tìrẹ ńkọ́?"

"Tèmi ń jẹ iṣu ní tiwọn o. Ilẹ̀ tó tó báyìí, tí ẹ bá fi gbin ilá, a ò ní ra ilá mọ́ ládùúgbò yìí. Ta ló ń jẹ òdòdó?"

"Ojú ń jẹ ẹ́. Ṣé ìwọ rò pé ikùn nìkan ni ebi ń pa?"

Àmọ́ bí Iléyá bá ku ọ̀la, ìyàwó alfa yìí kan náà ni yóò kọ́kọ́ dé pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. "Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ewé láàlì díẹ̀ fún ọwọ́ àwọn ọmọ." Yèyé á fọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Áà, mo ti tu láàlì náà. Ilá ni mo gbìn síbẹ̀." Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí, abọ́ náà á sì kún.

Ibojì bàbá àgbà wà láàárín gbogbo òdòdó wọ̀nyí, lábẹ́ fèrèsé yàrá Yèyé. N kò bá bàbá àgbà láyé. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́ọ̀nù ni, wọ́n ní kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kì í wọ ilé láìru ìwé. Ní àdúgbò wa, bí bàbá ẹni bá kú, àwọn ọmọ ní láti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ibojì rẹ̀, ẹni tí apá rẹ̀ bá sì ká a á lẹ táìsì sí i. Bí wọn kò bá ṣe é, aráyé á ní kò bí ọmọ gidi. Tiwa nìkan ló jẹ́ erùpẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ni Yèyé fi yí i ká. Àwọn ọmọ ilé ìwé wa máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n bá bá mi délé: "Ebè iṣu wo nìyí níwájú ilé yín?"

Yèyé kò jẹ́ kí wọ́n rẹ́ ẹ nítorí ohun kan wà nínú rẹ̀. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ọkọ, bàbá àgbà gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n ń ti Ìgbàjà bọ̀. Wọ́n ti sun igbó, òjò àkọ́rọ̀ sì ti rọ̀ sórí eérú. Bàbá àgbà ṣàdédé dúró. Òdòdó pupa kan ló yọ láàárín ilẹ̀ dúdú, ó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, ewé kan ṣoṣo kò sì sí lára rẹ̀. Ó ní, "Wò ó, èyí kò tilẹ̀ dúró de ewé." Ó wa ìdí rẹ̀ jáde, ó gbé e fún aya rẹ̀. Nígbà tí ọlọ́jọ́ dé bá bàbá àgbà, Yèyé kó àwọn òdòdó náà, tí wọ́n ti bí sí i, lọ sórí ibojì rẹ̀.

Lọ́dọọdún, nígbà Ọdún Àjíǹde, ibojì náà á pupa yòò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ewé á jáde. Bí ọyẹ́ bá dé, ewé á gbẹ, á sì fẹ́ lọ, kò ní ku ohunkóhun tí ojú lè rí. Bí mo bá wá fẹ́ fi ìgbálẹ̀ kan ibẹ̀, Yèyé á ní, "Rọra o, ìyá mi. Wọ́n ń sùn."

Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Kàdúná, wálé lẹ́yìn Kérésì. Yèyé ti lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ ní Ìgbàjà, ọjọ́ mẹ́ta ni yóò lò. Bàbá Kàdúná gbé bíríkìlà wá, ó gbé sìmẹ́ńtì wá, ó gbé táìsì funfun wá.

"Ojú ti tì mí tó," ó wí. "Bàbá tó kọ́ ìdajì ìlú yìí níwèé! Kí Yèyé tó dé, ibí á ti máa dán."

Bíríkìlà náà jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́. Ó gbé ṣọ́bìrì lọ́wọ́, ó yíjú sí mi. "Ọmọ mi, òdòdó pọ̀ níbí. Ṣé ìyá kò gbin nǹkan sórí ibojì yìí?"

Mo wo ilẹ̀. Erùpẹ̀ gbígbẹ ni, ó ti sán. Mo wo àwọn táìsì funfun tí wọ́n tò sára ògiri. Mo rántí "ebè iṣu."

Mo ní, "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, sà."

Ọjọ́ Sátidé ni Yèyé sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, àpò rẹ̀ lọ́wọ́, eruku bò ó lójú. Bàbá Kàdúná dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Yèyé, ẹ wo iṣẹ́ ọmọ yín!" Yèyé dúró. Òórùn sìmẹ́ńtì tútù gba gbogbo iwájú ilé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan táìsì náà bí ẹni ń fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná.

"O ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn ọmọ tìrẹ náà ṣe ọ́ lóore." Ó yíjú sí bíríkìlà. "Ẹ kò rí nǹkan níbẹ̀?"

"A béèrè o, Yèyé," bíríkìlà fèsì. "Ọmọ yìí ní kò sí nǹkan kan."

Yèyé wò mí. Kò wò mí pẹ́. Ó ní, "Ó rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n wọlé."

Kò bá mi wí. Ó ń bomi rin àwọn yòókù, àmọ́ n kò gbọ́ kí ó kí wọn mọ́, orin náà sì dákẹ́. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, mo ń jí lọ wo etí táìsì láràárọ̀, bóyá ọ̀kan á ráyè jáde. Ọdún Àjíǹde dé, ó kọjá. Funfun ni ibojì náà wà.

Lọ́jọ́ kan, ó ń yí èlùbọ́ tó sá sórí òkúta padà nínú oòrùn, mo lọ kúnlẹ̀.

"Yèyé, mo mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀ pé o mọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ kò nà mí?"

"Bí mo bá nà ọ́, ṣé wọ́n á hù?" Ó gbọn ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ dànù. "Wọ bàtà rẹ. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́, tìrẹ ni a ó lò."

A gba ọ̀nà Rore. Igbó ti jóná, koríko tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọrí. Àgbẹ̀ kan tó ń bọ̀ láti oko kí wa. "Yèyé, ṣé eku ni ẹ ń dẹ ni?"

"Òdòdó ni à ń wá."

"Ẹ tún ń wá òdòdó pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dun yín yìí? Ẹ kú ìfẹ́ o!"

Oòrùn ti ń lọ kí n tó rí i. Ọ̀kan ṣoṣo ni, pupa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi emi kan, igi tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí. Mo pariwo. Yèyé jókòó sílẹ̀ pátápátá sínú eérú, kò bìkítà fún aṣọ rẹ̀. Ó sún ojú rẹ̀ mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

Mo ti na ọwọ́ láti wà á. Ó di ọwọ́ mi mú. "Rárá. Bí a bá wà á báyìí, ó lè kú. Díẹ̀ ló kù kí ti bàbá àgbà rẹ kú. Gbé òkúta kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí kò bá sí nǹkan kan tí ojú lè rí níbẹ̀ mọ́, ìgbà yẹn ni a ó wá mú un."

Bí a ṣe ń padà lọ sílé, ó ń kọrin.

Kò rí ọyẹ́ ọdún náà. Oṣù tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni Olúwa pè é, a sì sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an, mo gbé ọkọ́. Ìyàwó alfa rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí léèrè ibi tí mò ń lọ. Mo sọ fún un. Ó wò mí, ó di ìborùn rẹ̀ mọ́ orí. "Jẹ́ ká lọ. Bí ejò bá bù mí jẹ nítorí òdòdó, èmi àti Yèyé á sọ ọ́ lọ́run."

A rí igi emi. A rí òkúta náà. Ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbẹ, ó le gan-an.

"Ṣé ó dá ọ lójú? Èmi ò rí nǹkan o."

"Ó wà níbẹ̀, mà."

Mo gbẹ́ ilẹ̀ títí ọwọ́ mi fi bó. Ó wà níbẹ̀, ó sùn jinlẹ̀, ó rí bí àlùbọ́sà tó ní gbòǹgbò funfun. Ìyàwó alfa kàn ń fi etí ìborùn nu ojú.

Ọjọ́ kẹta tí mo gbìn ín sórí ibojì Yèyé ni Bàbá Kàdúná dé pẹ̀lú bíríkìlà ọjọ́sí àti táìsì funfun. Bí wọ́n ṣe ń po sìmẹ́ńtì, mo bọ́ bàtà mi, mo lọ dúró sórí erùpẹ̀ náà.

"Kí lèyí?" Bàbá Kàdúná kígbe. "Kúrò níbẹ̀ jàre!"

"Nǹkan wà níbẹ̀, sà."

Ó wo ilẹ̀. Kò rí nǹkan. "Kí ló wà níbẹ̀?"

Mo ṣáà ń wí ohun kan náà títí bíríkìlà fi gbé ṣọ́bìrì rẹ̀ sílẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi létí. Bàbá Kàdúná yíjú sí táìsì tó wà lórí ibojì bàbá rẹ̀, ó pẹ́ tó ń wò ó. Ó ní kí bíríkìlà fi búlọ́ọ̀kù yí ti Yèyé ká nìkan, kí ó fi àárín rẹ̀ sílẹ̀.

Mo ti kúrò ní Òmù-Àrán tipẹ́. Àwọn ọdún mìíràn wà tí iṣẹ́ kì í jẹ́ kí n wálé nígbà òjò àkọ́rọ̀, ọmọ ìyàwó alfa ló máa ń ya fọ́tò òdòdó pupa orí ibojì Yèyé ránṣẹ́ sí mi. Mo máa ń wò ó, mo sì máa ń wá òórùn erùpẹ̀ nínú rẹ̀, n kì í rí i. Yèyé kò fi ọ̀rọ̀ kankan gbẹ̀san lára mi. Nítorí náà, bí ọmọ kan bá purọ́ fún mi ní kíláàsì ọjọ́ ìsinmi tí mo ń kọ́, mo máa ń ní sùúrù, mo máa ń dúró dè é kí ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Irọ́ tí mo pa ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti pa á.

Ìwọ tí o ka èyí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o fi ẹnu ara rẹ tẹ ohun tí o fẹ́ràn rì. Bí o bá sì ti ṣe é, kí ó fún ọ ní ẹni tí yóò wọ bàtà bá ọ jáde lọ wá a. Àmín.